Wúlù Kì í Ṣe Irun Àgùntàn: Èrò Kan lórí Èdè-Ìperí Òwú Ríran

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá fún ohun kan ní orúkọ láìwo ilé tí ohun náà ti jáde wá ti fi irọ́ sí ẹnu gbogbo àwọn tí yóò máa pe orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwa onímọ̀ èdè-ìperí sábà máa ń ṣe ni kí a wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ ní èdè wa. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kéré rẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ni ó ti hàn gbangba pé ọmọdé lè kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fi ọ̀nà lélẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí a kì í sábà ka sí iṣẹ́ wa. Òun ni kí a yẹ orúkọ tí ó ti wà nílẹ̀ wò, kí a mọ̀ bóyá ẹni tí ń jẹ́ ẹ ni ó ni ín.

Òwú ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí. Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti rí ohun tí ó mú mi kọ ọ́.

2. Ohun tí ojú mi rí ní Ṣàngó

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta kò lè ṣàì mọ Ṣàngó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìdíròkó ti yà gba Ọ̀tà kọjá, ìlú àwọn Àwórì, títí ó fi dé ẹnu ibodè ilẹ̀ Benin. Láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 ni ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà: ti irin, ti ike, ti oògùn, ti ohun jíjẹ àti ohun mímu. Ọjà ibẹ̀ kò sì kéré. Nínú ọjà náà ni wọ́n ti ń ta òwú kan tí àwọn obìnrin fi ń di irun. Àwọ̀ rẹ̀ kò lóǹkà, ó fúyẹ́, ó rọ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Wúlù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Irú òwú bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé ń rà, òun náà ni wọ́n sì fi ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ ọwọ́.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí ó wà ní iléèwé girama nígbà náà, wọ súwẹ́tà wúlù rẹ̀ láti gbé omi gbígbóná kúrò lórí sítóòfù ní ìdájí. Iná fà mọ́ ẹnu ọwọ́ súwẹ́tà náà. Ọmọ náà kò tètè bọ́ ọ, nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀ kedere, pé wúlù kì í tètè gbiná, pé bí ó bá tilẹ̀ gbiná, bí a bá ti gbé iná kúrò lára rẹ̀, yóò kú fúnra rẹ̀. Èyí kò kú. Ó yọ́ bí ìda, ó sì lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi tọ́jú egbò yẹn, àpá rẹ̀ kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bi mí léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, nínú ìwé àti súwẹ́tà, èwo ni ó parọ́?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé. Mo ronú sí i fún ìgbà pípẹ́. Ìwé náà kò parọ́, nítorí pé òótọ́ ni ó sọ nípa irun àgùntàn. Súwẹ́tà kò ní ẹnu tí yóò fi parọ́. Orúkọ ni ó parọ́. Ohun méjì tí kò bá ara wọn tan ni a fún ní orúkọ kan ṣoṣo, ọmọ tí ó gba orúkọ náà gbọ́ ni ó sì san gbèsè rẹ̀.

3. Kí ni irun àgùntàn? Kí ni wúlù?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jáde wá.

Irun àgùntàn jẹ́ fọ́nrán tí ó hù láti ara ẹran. Purotéènì tí a ń pè ní kẹ́rátíìnì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun kan náà ni ó wà nínú irun orí wa àti èékánná wa. Imí-ọjọ́ wà nínú kẹ́rátíìnì. Ìdí nìyí tí irun àgùntàn fi ń rùn bí irun orí bí ó bá jóná. Ara fọ́nrán rẹ̀ ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, ó sì wé, kò gún gbọọrọ. Ó lè fa omi tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Gbogbo èyí ni kì í jẹ́ kí iná tètè mú un.

Wúlù inú ọjà Ṣàngó kò ti ara ẹran wá. Akirílíìkì ni. Nínú ohun tí a ń rí láti inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni a ti ń pò ó ní ilé-iṣẹ́, tí a sì ń fà á jáde ní fọ́nrán gba ojú ihò kékeré. Kò ní kẹ́rátíìnì, kò ní imí-ọjọ́, kì í sì í fẹ́ fa omi. Bí iná bá kàn án, ó ń yọ́, ó sì ń jó pọ̀. Ohun tí ó máa ń kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ kókó dúdú líle.

Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò, bí ó bá ṣe é níta, tí omi sì wà nítòsí. Kí ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú gígé òwú mẹ́ta: ti ẹ̀gbọ̀n òwú, ti irun àgùntàn, àti ti wúlù ọjà. Ti ẹ̀gbọ̀n òwú yóò jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́. Ti irun àgùntàn yóò jó lọ́ra, yóò rùn bí irun, eérú dúdú rẹ̀ yóò sì rún wómúwómú bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ti wúlù yóò yọ́, yóò kán tótó, yóò sì di kókó. Mo ti ṣe ìdánwò yìí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì rí i pé kò sí ẹni tí ó tún pe ohun kẹta ní irun àgùntàn lẹ́yìn náà.

Ìṣòro kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi sílẹ̀ fún wa. Irun àgùntàn ni wọ́n pè é, wọn kò sì ṣì í pè. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ ọ yóò wo àgùntàn tí ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà Ìdíròkó, yóò rí irun kúkúrú tí ó le, yóò sì béèrè bí ènìyàn ṣe lè ran irú irun bẹ́ẹ̀ di òwú. Ó jàre. Àgùntàn ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe èyí tí ó kúrú ní ìhà gúúsù tàbí àwọn tí ó ga tí a ń kó wá láti òkè ọya, kò ní irun tí ó ṣeé ran. Àgùntàn ilẹ̀ olótùútù, pàápàá àwọn tí ó jẹ́ ẹ̀yà Mẹ̀rínò, ni irun wọn gùn, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì ń hù láìdáwọ́ dúró títí a ó fi rẹ́ ẹ.

4. Òwú tí ìyá gbọ̀n

Kì í ṣe pé iṣẹ́ òwú ríran ṣàjèjì sí wa. Òwe wa kan sọ pé òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì nínú òwe yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ kóró kúrò nínú òwú, a óò gbọ̀n ọ́ kí ó lè fúyẹ́ kí àwọn fọ́nrán rẹ̀ sì tú ká. Ẹ̀gbọ̀n òwú ni ohun tí ó bá jáde. Lẹ́yìn náà ni a óò ran án. Àwọn obìnrin, pàápàá àwọn àgbà obìnrin, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìrànwú sì ni irinṣẹ́ wọn: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi amọ̀ sí nídìí kí ó lè wúwo, tí yóò sì máa yí bí òkòtó. Bí ó ti ń yí ni ó ń lọ́ àwọn fọ́nrán pọ̀. Ìlọ́ yìí ni ó ń fún wọn mọ́ ara wọn tí wọn kò fi lè yọ kúrò lára ara wọn mọ́ bí a bá fa òwú náà. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ̀rọ ńlá ń ṣe ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tí Samuel Crompton ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1779, tí ó lè yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrànwú lẹ́ẹ̀kan náà, kàn sọ ọwọ́ ìyá arúgbó di púpọ̀ ni.

Ó yẹ kí a kíyè sí àmì ohùn níhìn-ín. Ran àti rán kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí ń ran òwú ń ṣe òwú; ẹni tí ń rán aṣọ ń lo òwú. Bí a bá kọ òwú ríran láìfi àmì sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni a ń sọ tàbí iṣẹ́ télọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, kí ó ronú lórí èyí.

Fọ́nrán tí ó ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí wá pẹ̀lú kò ṣàjèjì sí wa. Ilé tí àwọn kòkòrò labalábá alẹ́ kan ń kọ́ sára igi nínú igbó ni a ti ń rí sányán. Àwọn obìnrin a máa se é nínú omi eérú kí ohun tí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè kúrò, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tú u, wọn a sì fi ìrànwú ran án gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ran ẹ̀gbọ̀n òwú. Àwọ̀ rẹ̀ a máa rí bí àwọ̀ iyanrìn. Àlàárì ní tirẹ̀ jẹ́ òwú pupa tí àwọn oníṣòwò ń gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ sányán lónìí? Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta aṣọ òkè, kí ẹ béèrè sányán. Wọn yóò fún yín ní aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iyanrìn, tí a fi òwú lásán tàbí òwú àtọwọ́dá hun. Orúkọ fọ́nrán ti di orúkọ àwọ̀. Mo mẹ́nu kan èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àrùn wúlù jẹ́ àrùn èdè àyálò nìkan. Orúkọ tiwa gan-an lè ṣófo bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Ohun tí ó fà á ni pé nígbà tí iṣẹ́ bá kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà a sùn. Láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni àwọn ìjọ CMS lábẹ́ Henry Venn, pẹ̀lú Thomas Clegg, oníṣòwò kan ní Manchester, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti máa yọ kóró òwú àti láti máa dì í fún gbígbé lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ̀gbọ̀n òwú jáde lọ, aṣọ ni ó padà wá. Ríran òwú, tí ó wà láàárín méjèèjì, ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, ní èdè mìíràn. Nígbà tí a wá ní ilé-iṣẹ́ tiwa lẹ́yìn òmìnira, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe gbogbo ohun tí ó wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kógbá wọlé. United Nigerian Textiles ti Kàdúná, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ, ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, kí ó tó tún ṣí díẹ̀ níkẹyìn.

5. Ohun tí a lè kọ́ lára àwọn ará Faransé

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kan ṣì wà tí ń ran irun àgùntàn bí wọ́n ti ń ṣe é látijọ́. Ní Felletin, ní agbègbè Creuse, iṣẹ́ yìí kò tíì parẹ́, nítorí pé àwọn tí ń hun aṣọ ìfisógiri ní Aubusson tí ó wà nítòsí ń fẹ́ òwú rẹ̀. UNESCO sì fi iṣẹ́ Aubusson sí ara àwọn ogún àṣà àgbáyé ní 2009. Ní Chantemerle, nítòsí Briançon lórí àwọn òkè Alps, ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe kan tí ń jẹ́ Longo Maï, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ra ilé-iṣẹ́ òwú ríran àtijọ́ kan ní 1976. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń gba irun àgùntàn lọ́wọ́ àwọn darandaran láti sọ ọ́ di òwú àti aṣọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù lónìí, owó tí darandaran ń rí lórí irun àgùntàn kò tó owó tí yóò san fún ẹni tí ó bá a rẹ́ ẹ.

Àwọn tí ń ṣe irú òwú yìí máa ń sọ pé òwú wọn bá ìwà rere mu. Báwo ni a ó ṣe sọ èyí ní èdè Yorùbá? Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan dábàá òwú ọmọlúàbí. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Òwú kò ní ìwà. Ènìyàn ni ó ń ní ìwà. Ọmọlúàbí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń yin ẹni tí a ti rí ìṣe rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò ń lẹ̀ mọ́ ọjà rẹ̀. Ohun tí mo dábàá ni òwú aláìrẹ́jẹ, èyíinì ni òwú tí a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lórí rẹ̀. Ìwúlò orúkọ yìí ni pé ó ń mú ìbéèrè wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ta ni a lè rẹ́ jẹ? Mo rí mẹ́rin.

Èkíní ni ẹran. Ní Australia, ọ̀pọ̀ olùsìn àgùntàn Mẹ̀rínò a máa gé awọ ìdí ọ̀dọ́ àgùntàn kúrò kí eṣinṣin má baà yé sí i kí ìdin sì jẹ ẹ́. New Zealand fi òfin de àṣà yìí ní 2018. Èkejì ni ilẹ̀ àti omi, nítorí pé ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí a fọ̀ kúrò lára irun àgùntàn, àti aró tí a fi pa á, kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sínú odò láìjẹ́ pé a ti sẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni òṣìṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ó ra á. Ẹni kẹrin yìí ni a sì ń rẹ́ jẹ pẹ̀lú orúkọ.

Lórí èyí, òfin àwọn ará Yúróòpù ṣe kedere. Ìlànà wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1007 ti ọdún 2011 sọ orúkọ fọ́nrán ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ó fi orúkọ irun àgùntàn pamọ́ fún ohun tí a rẹ́ lára àgùntàn. Ó sọ pé ohun tí a bá pè ní akirílíìkì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, 85 nínú 100 èròjà tí a fi ń pò ó. Ó sì gba gbogbo fọ́nrán tí kòkòrò ń tú jáde ní ìdílé sílíìkì, tí ó fi jẹ́ pé sányán wa náà ní ààyè nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ èdè-ìperí ni òfin yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí orúkọ kò bá ti dúró, kò sí adájọ́ tí ó lè dá ẹjọ́ ọjà.

6. Àrùn tí kò ní orúkọ

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí mo dárúkọ lókè yìí tún fẹ́ àlàyé. Nínú ilé-iṣẹ́ tí a ti ń gbọ̀n ẹ̀gbọ̀n òwú, eruku a máa gba afẹ́fẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ń mí i símú fún ọdún púpọ̀ lè ní àrùn kan tí ìwà rẹ̀ ṣàjèjì. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi, àyà rẹ̀ yóò fún, èémí rẹ̀ yóò sì kúrú. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ara rẹ̀ yóò fúyẹ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé mìíràn, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá kíyè sí i, yóò di ohun ojoojúmọ́, yóò sì ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn onímọ̀ rí i pé oró àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà lára ewé àti èèpo òwú, tí ó dàpọ̀ mọ́ eruku náà, wà lára ohun tí ń fà á.

Kí ni òṣìṣẹ́ tí ó ń gbọ́ Yorùbá nìkan yóò pe èyí? Ó lè pè é ní òtútù àyà, ó lè pè é ní ikọ́ fée, ó sì lè ní ayé ni ó ń bá òun jà. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó tọ́ka sí ẹ̀rọ tí ó dúró tì. Nítorí náà kò ní béèrè ìbomú, kò ní béèrè ẹ̀rọ tí ń fa eruku síta, kò sì ní sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Mo dábàá àìsàn eruku òwú. Orúkọ náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ibi tí àrùn ti wá. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ní orúkọ yìí lẹ́nu ti mọ ohun tí yóò béèrè.

7. Àbá orúkọ

Mo fi àwọn orúkọ wọ̀nyí síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fún àyẹ̀wò:

(i) Fọ́nrán: ohun gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kò tíì ran, ìbáà ṣe ti ewéko, ti ẹranko, ti kòkòrò tàbí àtọwọ́dá.

(ii) Ẹ̀gbọ̀n òwú: fọ́nrán igi òwú tí a ti yọ kóró rẹ̀ tí a sì ti gbọ̀n.

(iii) Òwú: fọ́nrán èyíkéyìí tí a ti ran. Bí a bá fẹ́ sọ ohun tí a fi ran án, kí a fi orúkọ fọ́nrán náà tẹ̀lé e: òwú irun àgùntàn, òwú sányán, òwú akirílíìkì.

(iv) Irun àgùntàn: irun tí ó ṣeé ran, tí a rẹ́ lára àgùntàn ilẹ̀ olótùútù. Kí ìwé iléèwé má ṣe kọ ọ́ láìfi àlàyé kún un pé àgùntàn ilé wa kò ní irú rẹ̀.

(v) Ìlọ́: yíyí tí fọ́nrán yí mọ́ ara wọn nínú òwú. A lè sọ pé ìlọ́ òwú kan le tàbí pé ó dẹ̀.

(vi) Òwú àdàlù: òwú tí a fi fọ́nrán méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ran, tí a ó sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú 100.

(vii) Wúlù: òwú akirílíìkì tí a fi ń di irun tàbí tí a fi ń hun súwẹ́tà.

Mo mọ̀ pé orúkọ keje yìí ni yóò fa àríyànjiyàn. Àwọn kan yóò sọ pé kí a lé wúlù jáde kúrò nínú èdè pátápátá. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọjà ni ó ni èdè, pé ohun tí ìyálọ́jà bá pè é ni ó ń jẹ́, kí ọ̀mọ̀wé lọ jókòó. Apá kan òótọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Kò sí bí a ti lè ní kí ẹni tí ń di irun ní Ṣàngó dẹ́kun pípe wúlù ní wúlù. Bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́, kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n a lè gba orúkọ náà fún un pẹ̀lú ìtumọ̀ tí ó ní ní ọjà, kí a sì gba irun àgùntàn padà fún ohun tí ó ti ara àgùntàn wá. Nígbà náà, olùkọ́ kò ní kọ ọ́ sójú pátákó mọ́ pé wúlù kì í tètè gbiná. Ohun tí yóò kọ ni pé irun àgùntàn kì í tètè gbiná, ṣùgbọ́n pé wúlù ń gbiná, ó sì ń yọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ náà. Gbólóhùn yẹn ni ọmọ àbúrò mi kò rí kà.

Àwọn kan tún lè béèrè pé kí ló kàn wá nípa òwú ríran nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ti kógbá wọlé. Ìdáhùn mi ni pé a ṣì ń wọ òwú, a ṣì ń dì í sórí, a sì ń fi wé ọmọ tuntun. Yunifásítì Covenant àti Bells University of Technology wà ní Ọ̀tà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ nípa ẹ̀rọ àti kẹ́mísírì ń gba ọjà Ṣàngó kọjá. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi bá ìyálọ́jà àti télọ̀ sọ ohun tí wọ́n kọ́, ìmọ̀ wọn yóò kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọn kò bá ní in, yóò kú síbẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àròkọ yìí, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé orúkọ tí kò bá ohun tí ń jẹ́ ẹ mu lè pa ènìyàn lára, pé iṣẹ́ òwú ríran ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní èdè wa tipẹ́, àti pé òwú kò lè jẹ́ aláìrẹ́jẹ bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀tàn. Mo rọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, àwọn tí ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún iléèwé, àti àwọn aláṣẹ tí ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, pé kí wọ́n fi orí kan orí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé tí a ń rán mọ́ ọrùn súwẹ́tà ọmọ iléèwé: kí a kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí i ní èdè tí ìyá ọmọ náà lè kà.

Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Orúkọ tí a bá sì fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò máa pè.